Ìyìn àti Ẹ̀bùn fún Òṣìṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ọjà Ọba Adó-Èkìtì

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, "Yinni, yinni, kí ẹni ó lè ṣe mìíràn." Òwe náà kò ṣòro láti túmọ̀: ẹni tí ó bá ṣe rere, tí a sì yìn ín, yóò fẹ́ tún rere mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó ti rọrùn tó láti pa òwe yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro tó láti mú un lò. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó ń yin òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ojú òṣìṣẹ́ náà kò sì tú ká. Ọ̀pọ̀ ni ó ń pín ẹ̀bùn lọ́dọọdún tí iṣẹ́ kò sì tẹ̀síwájú. Nínú àròkọ yìí a fẹ́ wádìí ohun tí ń mú òṣìṣẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ìgbà tí ìyìn àti ẹ̀bùn ń so èso, àti ìgbà tí wọ́n ń yàgàn.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gidigidi. Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lónìí, púpọ̀ nínú wa ni yóò di olórí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́la, a ó sì ní olùkọ́, akọ̀wé, aṣọ́nà àti agbálẹ̀ lábẹ́ wa. Bí a kò bá mọ bí a ti ń mú kí inú òṣìṣẹ́ dùn sí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké tí a fi sí ìtọ́jú wa ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

KÓŃGÒ ÀTI ÈÈNÌ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra gàrí tàbí ẹ̀wà rí ní Ọjà Ọba, tí ó wà ní àárín ìlú Adó-Èkìtì, lẹ́bàá ààfin Ewì, ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ìyá tí ń ta gàrí yóò kọ́kọ́ bu gàrí sínú kóńgò títí yóò fi kún; yóò tún fi ọwọ́ kó o jọ lé e lórí títí yóò fi ga ṣónṣó; lẹ́yìn náà ni yóò dà á sínú àpò oníbàárà. Nígbà náà ni oníbàárà yóò wí pé, "Ẹ fi èènì sí i, màmá," ìyá náà yóò sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan kún un. Ẹ̀kúnwọ́ gàrí yìí kò tó nǹkan. Kò lè yó ọmọdé kan. Síbẹ̀ èyí ni oníbàárà ń rántí, nítorí rẹ̀ ni ó sì ṣe ń padà sí ọ̀dọ̀ ìyá kan náà nígbà mìíràn. Kóńgò jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, owó rẹ̀ ni ó fi rà á. Èènì jẹ́ àmì pé ẹni tí ń tà á mọ̀ ọ́n ní ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a yí ọ̀rọ̀ náà padà wò. Bí ẹni tí ń tà bá tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, kí ó má baà gba gàrí púpọ̀, ǹjẹ́ èènì lè tu oníbàárà nínú? Rárá o. Bí ó tilẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta kún un, oníbàárà yóò mọ̀ pé ohun ìní òun ni a fi ń ta òun lọ́rẹ.

Bákan náà ni ó rí fún òṣìṣẹ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ àti ohun gbogbo tí a bá a ṣe àdéhùn rẹ̀ ni kóńgò; ìyìn, ẹ̀bùn àti oyè ìdánilọ́lá ni èènì. Èènì dára, agbára rẹ̀ sì ju bí ó ti tóbi lọ. Ṣùgbọ́n kì í dípò kóńgò, a kì í sì í bù ú kí kóńgò tó kún. Orí gbólóhùn yìí ni gbogbo ohun tí a ó sọ dúró lé.

BÍ Ó TI RÍ LÁYÉ ÀWỌN BABA WA

Àwọn baba wa kò dá ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń kó ènìyàn púpọ̀ jọ sí ẹnu iṣẹ́. Nínú àáró, àwọn ọ̀rẹ́ a máa ro oko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Kóńgò dọ́gba níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ńlá wà ní ọwọ́ rẹ̀ a ké sí ẹbí àti ará àdúgbò, a sì pèsè iyán àti ẹmu dè wọ́n. Kò sí ẹni tí ó gba owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ebi pa lọ sílé. Lórí oúnjẹ tí ó tó ni a wá ń fi orin àti oríkì lé. Ẹni tí ebè rẹ̀ ṣáájú ti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ àti ti baba rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara rẹ̀ yóò sì tún le sí i.

Ní àyíká Ọjà Ọba lónìí, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ọwọ́ àwọn aránṣọ àti àwọn onídìrí. Ọmọ-iṣẹ́ kì í sábà gba owó oṣù. Iṣẹ́ tí ọ̀gá fi ń kọ́ ọ ni owó rẹ̀. Nígbà tí ọdún àdéhùn bá pé, ọjọ́ òmìnira yóò dé, èyí tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ń pè ní fírídọ́ọ̀mù. Àwọn òbí, ẹbí àti ẹlẹgbẹ́ yóò péjọ. Ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, yóò fi irinṣẹ́ àti ìwé-ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, yóò sì sọ ní gbangba pé ẹni yìí ti mọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ kéékèèké tí ń wò ó yóò máa ka ọjọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá sọ ọmọ-iṣẹ́ di ọmọ-ọ̀dọ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí ó ń rán an lọ pọn omi, tí kò sì kọ́ ọ bí a ti ń gé aṣọ, ayẹyẹ yòówù tí ó bá ṣe fún un ní òpin rẹ̀ kò lè bo àbùkù náà mọ́lẹ̀. Kóńgò náà kò kún.

ÈKÍNÍ: KÍ KÓŃGÒ KÚN

Ìtàn ilẹ̀ wa jẹ́rìí sí èyí. Nígbà tí àwọn olùkọ́ dá Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1931, tí wọ́n sì fi Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ṣe ààrẹ wọn, ọ̀rọ̀ owó oṣù olùkọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún. Àwọn ará ìlú ń bu ọlá fún "Tíṣà" nígbà náà. Wọ́n ń fún un ní ìjókòó iwájú ní ilé ìsìn àti níbi ìnáwó. Ṣùgbọ́n ìjókòó iwájú kò ra aṣọ fún ọmọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà, pàápàá àwọn ti rélùwéè tí Michael Imoudu ń ṣe olórí wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Ogun ti mú kí ohun gbogbo gbówó lórí. Wọ́n bèèrè pé kí owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà má dín ní ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 6, kí a sì fi ìdá 50 nínú 100 kún owó ìrànwọ́ tí ó wà fún ọ̀wọ́n ọjà. A ti rọ̀ wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà ogun pé kí wọ́n ní ìfaradà. Ọ̀rọ̀ ìyànjú kò wọ́n wọn, oúnjẹ ni ó wọ́n wọn.

Ní ìpínlẹ̀ Èkìtì níhìn-ín pẹ̀lú, láàárín ọdún 2015 sí 2018, ọ̀pọ̀ oṣù ni olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba fi retí owó tí kò dé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí ọ́fíìsì. Nígbà tí olùkọ́ kò bá gba owó, àwìn ni yóò máa rà. Nígbà tí àwìn bá pọ̀, ìyá tí ń ta ata kò ní rí owó fi ra ọjà mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwé-ẹ̀rí "òṣìṣẹ́ tí ó tayọ" lé olùkọ́ lọ́wọ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá olùkọ́ náà jẹun ní òwúrọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé owó nìkan yóò parí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága fún dámọ̀ràn àfikún ńlá sí owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, a sì san án ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù tí ó ti kọjá. Ayọ̀ náà pọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Owó ọjà fò sókè, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni tí kò rí tiwọn gbà bẹ̀rẹ̀ sí í da iṣẹ́ sílẹ̀. Owó tí ó pọ̀ lójijì mú inú dùn. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

Frederick Herzberg, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àlàyé ohun tí ó fa èyí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1959. Wọ́n bi àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣirò owó tí ó tó 200 ní agbègbè Pittsburgh léèrè ìgbà tí inú wọn dùn jù sí iṣẹ́ wọn, àti ìgbà tí inú wọn bàjẹ́ jù. Ìdáhùn méjèèjì kò jọra. Ohun tí ó sábà ń ba inú wọn jẹ́ ni òfin ilé-iṣẹ́ tí kò dára, ọ̀gá tí kò mọ ènìyàn lò, àti owó tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ohun tí ó sì sábà ń mú inú wọn dùn ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní àṣeyọrí, ìyìn tí wọ́n gbà lórí rẹ̀, àti ojúṣe ńlá tí a fi lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ìyá Ọjà Ọba kò ka ìwé Herzberg, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kóńgò tí kò kún ń lé oníbàárà lọ, àti pé èènì ni ó ń pè é padà.

ÈKEJÌ: KÍ ÌYÌN JẸ́ ÒTÍTỌ́, KÍ Ó SÌ HÀN

Bí kóńgò bá ti kún, agbára èènì a máa yani lẹ́nu. Ní Lusaka, olú-ìlú Zambia, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Nava Ashraf, Oriana Bandiera àti Kelsey Jack, ṣe ìdánwò kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Wọ́n ní kí àwọn onídìrí àti àwọn onígbàjámọ̀ máa ta ohun ìdáàbòbò tí ń dènà àrùn Éèdì fún àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Apá kan kò gba nǹkan kan. Apá kejì ń gba èrè kékeré lórí ohun tí wọ́n bá tà. Apá kẹta ń gba èrè ńlá. Apá kẹrin kò gba owó, ṣùgbọ́n a fún wọn ní àwòrán ńlá tí wọn yóò gbé kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù, a sì ń lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọn fún ìdì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Àwọn onírawọ̀ ni ó tà jù lọ. Ohun tí wọ́n tà tó ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù.

Ẹ kíyèsí ohun mẹ́ta nínú èyí. Àwọn wọ̀nyí ti ní iṣẹ́ tí ó ń bọ́ wọn. Ìràwọ̀ kò gba ipò oúnjẹ. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún iṣẹ́ kan tí a ṣe ní tòótọ́. Gbogbo ẹni tí ó bá sì wọ ṣọ́ọ̀bù ni ó ń rí i.

Báyìí ni oríkì wa rí pẹ̀lú. Oríkì kì í kàn wí pé "ènìyàn rere ni". A máa dárúkọ ohun tí ẹni náà tàbí baba rẹ̀ ṣe, àti ibi tí ó ti ṣe é. Nítorí náà, bí olórí ilé-ẹ̀kọ́ bá wí fún olùkọ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́," ìkíni ni èyí, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, "Ìyáàfin, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí kò mọ lẹ́tà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ti ń ka gbólóhùn nísinsìnyí," ìyìn ni èyí, nítorí ó fi hàn pé ojú kan wà tí ó ń rí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé ìyìn a máa ba òṣìṣẹ́ jẹ́. Ìyìn èké ni ó ń ba ènìyàn jẹ́. Ẹni tí a yìn fún ohun tí kò ṣe yóò kẹ́gàn ẹni tí ó yìn ín, àwọn tí ó sì ṣe iṣẹ́ náà yóò kẹ́gàn àwọn méjèèjì.

Ẹ̀KẸTA: OHUN TÍ A BÁ Ń KÀ NI A Ó RÍ

Àwa olùkọ́ ní ìdí láti mọ ewu yìí ju ẹlòmíràn lọ. Ní ọdún 1862, Robert Lowe mú kí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so owó ìrànlọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ wíwá àwọn ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àti yíyege wọn nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò níwájú alábẹ̀wò. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ kan bá kùnà mú kí ilé-ẹ̀kọ́ pàdánù ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 8. Ohun tí a kà ni a rí. Olùkọ́ fi àwọn ẹ̀kọ́ yòókù sí ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ mìíràn há ìwé kíkà sórí láìmọ̀ ọ́n kà. Matthew Arnold, tí ó jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, kígbe pé ìlànà yìí ń sọ ìkọ́ni di ìṣe ẹ̀rọ, a sì pa á tì kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí.

Àṣà yìí dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 tí a ṣe fún àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti ti ọdún 1887 tí a ṣe fún Èkó, so apá kan owó ìrànlọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n mọ́ èsì ìdánwò.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyí, kí ó wo ìwọ̀-oòrùn Kenya. Ní ọdún 1998 àti 1999, a ṣètò ẹ̀bùn fún àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ 50, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wọn bá ti ṣe sí nínú ìdánwò. Paul Glewwe, Nauman Ilias àti Michael Kremer yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Máàkì àwọn ọmọ pọ̀ sí i nígbà tí ẹ̀bùn wà. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kò wá sí ẹnu iṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kíláàsì ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò ni wọ́n fi kún iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀bùn parí, èrè náà kò dúró.

Kí ni a rí kọ́? Kí ọ̀gá tó kéde ẹ̀bùn, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: bí òṣìṣẹ́ bá ṣe ohun tí mo fẹ́ kà yìí, tí kò sì ṣe ohun mìíràn, ǹjẹ́ inú mi yóò dùn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí ó tún ẹ̀bùn náà rò.

Ẹ̀KẸRIN: KÍ Ó BÁ ÒDODO MU

Olúwa wa pa òwe baálé kan tí ó gba alágbàṣe sínú ọgbà àjàrà rẹ̀. Kò ré ẹnikẹ́ni jẹ. Ó san ohun tí ó bá wọn ṣe àdéhùn rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó dé ní kùtùkùtù rí i pé àwọn tí ó dé ní ìrọ̀lẹ́ gba iye kan náà, wọ́n kùn. Ọ̀rọ̀ oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni òwe náà, ṣùgbọ́n ó fi ìwà ènìyàn hàn kedere: ojú òṣìṣẹ́ kì í kúrò lára owó ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí ó bí àwọn òṣìṣẹ́ nínú ṣáájú ọdún 1945 ni àfikún owó tí a fún àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà tí a ní kí àwọn ọmọ Áfíríkà ní sùúrù.

Nítorí náà, kí a sọ òṣùwọ̀n ẹ̀bùn jáde ní gbangba kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó má jẹ́ pé olórí nìkan ni ó ń yàn. Kí àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ní ohùn sí i. Kí a má sì ṣe sọ ẹ̀bùn di ohun tí a ń pín yípo, lọ́dún yìí Lágbájá, lọ́dún tí ń bọ̀ Tàmẹ̀dò, nítorí ẹ̀bùn tí yóò kan gbogbo ènìyàn bí wọ́n tilẹ̀ ń sùn ti kúrò ní ẹ̀bùn iṣẹ́. Níbi tí iṣẹ́ bá sì jẹ́ ti àjọṣe, ẹ jẹ́ kí ìyìn jẹ́ ti àjọṣe. Kò sí olùkọ́ kíláàsì kẹfà tí ó lè ṣe àṣeyọrí bí ẹni tí ó kọ́ àwọn ọmọ náà ní kíláàsì kìíní bá sùn.

OHUN TÍ OLÓRÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ LÈ ṢE

Ẹnìkan lè wí pé, "Ìjọba ni ó ń san owó oṣù, kí ni agbára olórí ilé-ẹ̀kọ́?" Lóòótọ́, ohun kan wà tí ó kọjá wa. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ní Àyájọ́ Ọjọ́ Olùkọ́ Àgbáyé, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé a ó fún olùkọ́ ní ìlànà owó oṣù ọ̀tọ̀, a ó sì fi kún ọdún iṣẹ́ wọn. Òfin ọdún 2022 sọ ọdún iṣẹ́ náà di 40 dípò 35, ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì sì di 65 dípò 60. Irú kóńgò bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ìjọba ni ó wà, ẹgbẹ́ wa ni yóò sì máa bá wọn sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n èènì wà ní ọwọ́ wa, àti apá kan kóńgò pẹ̀lú. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ lè rí i pé ìwé ìgbéga olùkọ́ kò dùbúlẹ̀ sínú àpótí tábìlì òun. Ó lè kọ iṣẹ́ rere sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kí alábẹ̀wò tí ń bọ̀ lè kà á. Ó lè dárúkọ olùkọ́ níwájú àwọn òbí ní ọjọ́ ìpàdé wọn. Ó lè ní kí ẹni tí ó mọ ìṣirò kọ́ dáradára fi ọ̀nà rẹ̀ han àwọn yòókù, nítorí kò sí ìyìn tí ó ju kí a sọ pé, "Ẹ wá kọ́ wa." Ó lè bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí ó tó pàṣẹ. Kí ó má sì gbàgbé agbálẹ̀ àti aṣọ́nà, àwọn tí a kì í rántí àyàfi nígbà tí ilẹ̀ bá dọ̀tí tàbí tí olè bá jà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lé wa lọ́wọ́, bóyá ní Adó, bóyá ní abúlé kan tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára. Àwọn tí a ó bá níbẹ̀ yóò máa wo ọwọ́ wa gẹ́gẹ́ bí oníbàárà ti ń wo ọwọ́ ẹni tí ń wọn gàrí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ìdí kóńgò wa tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n kún fún wọn, kí a sì fi èènì sí i pẹ̀lú ọ̀yàyà. Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú tí ń rí iṣẹ́ ẹlòmíràn, àti ẹnu tí kì í lọ́ra láti yìn ín. Àmín.